Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Ẹni tó bá fi etí lásán gbọ́ òwe yìí lè rò pé àwọn àgbà ń dẹ́rù ba olóúnjẹ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn náà ló sọ pé bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀nà kan náà ni ìyè àti ikú ń gbà wọlé, ọ̀fun kò sì mọ èyí tó ń kọjá. Ẹni tó ni ọ̀fun ni yóò ṣe oníbodè.

Iyán ni ká kọ́kọ́ mú. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùrè ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹni tí kò tíì jẹ iyán ní òun kò tíì jẹun. Iṣu kì í ṣe ọ̀tá ara: ó ń fúnni lágbára, ó sì ní pòtáṣíọ̀mù àti fítámì C. Bàbá tó kọ ebè láti àárọ̀ lè jẹ òkèlè ràbàtà lọ́sàn-án, kí iṣẹ́ oko jó gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀, tó gun ọ̀kadà délé, tó wá jẹ iye tí bàbá rẹ̀ ń jẹ, ibo ni ṣúgà inú iyán náà yóò gbà lọ? Ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti ń rí àyè. Ìwọ̀n ẹnìkan kọ́ ni ìwọ̀n ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń sọ bí òkèlè ẹni yóò ṣe tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà ọbẹ̀. Epo pupa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tí ojú nílò, àmọ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi bó bá pọ̀ jù. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ti àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú magí wà nínú ìṣirò yẹn.

Ẹmu àárọ̀ dùn, ọtí inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣúgà rẹ̀ ti di ọtí, ó ti kan, ó ti le. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, WHO sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún ìlera. Ẹni tó bá ń mu ún, ìgbádùn ló ń mu. Kó má pè é ní oògùn.

Obì ní tirẹ̀, àṣà ti bá wa wọ̀n ọ́n. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní nǹkan bí 1938, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, gbẹ́ abọ́ obì tí wọ́n fi ń ṣe àlejò lọ́lá. Bí obì bá dé, a ó là á, a ó pín in, awẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kaféènì inú awẹ́ kan lè lé oorun díẹ̀ lọ. Ẹni tó dá jẹ odindi mélòó kan lóru, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, oorun yóò sì kọ̀ ọ́.

Ibi tí òwe yìí ti mú jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀, àjẹ́ ilé àti ọ̀tá ìta la máa ń sáré wá. Òwe ní ká kọ́kọ́ bi ọ̀fun. Ṣùgbọ́n òwe náà kì í ṣe pàṣán tí a fi ń na aláìsàn. Àìsàn mìíràn wà tó ń tẹ̀lé ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò rówó ra ẹja àti èso, tó fi iyán nìkan dí ebi, kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ẹni tó ní, tó sì lè yàn, ni òwe ń bá wí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ, ẹ bu iyán bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá ṣe tó, kí ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara yín wò ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín kí àìsàn tó dé.