Ọ́ìlì Tó Ń Jò àti Ìbéèrè Nípa Ìmọ̀

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní ọ̀nà tó fi ń mí. Bí epo bẹntiróò bá jó lórí pístìnì, díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀kalẹ̀ síbi tí kiranṣáàfù àti ọ́ìlì wà. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí, bó ti wù kó tuntun tó. Nígbà kan, páìpù ni wọ́n fi ń tú gáàsì náà dà síta lábẹ́ ọkọ̀. Ní 1961 ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè jóná, nítorí ó ń ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Fáàfù kékeré tó ń jẹ́ PCV àti rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bírídà ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Bí fáàfù tàbí rọ́bà yìí bá dí, gáàsì á há, á sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Á ti ọ́ìlì gba ara ọ́ìlì síìlì tó wà lẹ́yìn kiranṣáàfù, á tì í gba gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, á tiẹ̀ máa ti géèjì ọ́ìlì sókè kúrò láyè rẹ̀. Ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ló sábà ń fa dídí náà. Kòròpe, ọkọ̀ akérò kékeré tó ń ná Bàrígà sí Yábàá, máa ń wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò rìn. Bí wọ́n bá tún pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹrẹ̀ dúdú á bo ojú fáàfù. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, mẹkáníìkì á yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, á ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì síìlì ti lọ." Wọ́n á sọ gíá kalẹ̀, wọ́n á fi síìlì tuntun sí i. Kò ní pẹ́, ọ́ìlì á tún máa kán.

Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì sọ yẹn gbé ìbéèrè àtijọ́ kan dìde: ìgbà wo ni ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tó fa nǹkan? J. Olubi Sodipo àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í yá ẹnu sọ pé àwọn mọ nǹkan. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ lẹ́nu olùkọ́, ìgbàgbọ́ ni, àfi bó bá dán an wò tó sì rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ́ńjìnnì dán òdiwọ̀n yìí wò gidi. Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò purọ́: ó fojú rí ọ́ìlì lára síìlì. Agbára tó ń ti ọ́ìlì náà jáde ni kò rí. Àmì ni ojú rí, ẹnu wá sọ ọ́ bí ẹni pé ìdí rẹ̀ gan-an ni. Ibí yìí ni ẹ̀rí ọkàn ti ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń rò lọ, nítorí òun ló yẹ kó béèrè bóyá ohun tí ojú rí náà ni ohun tí ẹnu ń sọ.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni kí wọ́n mú ohun tó fara pamọ́ wá sójú. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kó sì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á ṣí ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá píọ́wọ́tà tó ti gbẹ lé e lórí. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá dá, á rọra fa ọ̀rá náà mọ́ra, àárín rẹ̀ á tẹ̀ wọnú díẹ̀. Bó bá wú sókè tó ń gbọ̀n, gáàsì ti há. Bó bá fà á le jù, tí nǹkan sì ń dún bíi fèrè, fáàfù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ fáàfù, wọ́n á mì í: èyí tó dára sábà máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, èyí tí ẹrẹ̀ ti dì kì í dún. Ìgbàgbọ́ ti ń di ìmọ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ọ̀rá lè wú nítorí pé ríìngì ti jẹ, tí gáàsì tó ń sọ̀kalẹ̀ ju ohun tí fáàfù tó dára pàápàá lè gbé. Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry 2007 sí 2009, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Muscle, lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì nítorí pístìnì àti ríìngì rẹ̀. Fáàfù tuntun nìkan kò lè wo irú èyí sàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi géèjì wọn agbára inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí owó ìyẹn kò bá sí, ohun tó tọ́ ni kí mẹkáníìkì sọ pé, "Ọ̀gá, mo gbà pé fáàfù ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì yẹ ríìngì wò." Ẹni tó ń sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ èyí tó ń rà nínú ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́.

Ìbéèrè kan wà tí géèjì kì í dáhùn. Awakọ̀ tí síìlì rẹ̀ jò léraléra á béèrè pé èé ṣe tó fi jẹ́ òun, nígbà tí kòròpe ẹgbẹ́ òun tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà kan náà kò jò. Ẹnìkan á ní ayé ni, ẹlòmíràn á rántí pé òun kò tíì bọ Ògún lọ́dún yìí. Sodipo kọ̀wé ní 1973 lórí ìdí àti èèṣì nínú èrò Yorùbá, ó sì hàn níbẹ̀ pé ẹni tó ń béèrè "èé ṣe tó fi jẹ́ èmi" kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè méjì ni, ọ̀kan kò sì lè gba ipò èkejì: ẹbọ kì í la rọ́bà tó dí. Ògún, òrìṣà irin, fúnra rẹ̀ kò fi ìwádìí ṣeré. Irin ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù pé òótọ́ ni àwọn yóò sọ, irin kan náà sì ni mẹkáníìkì dúró tì nígbà tó bá ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé òun mọ ohun tó ń ṣe é.