Ìbọn Inú Ilé: Ohun Tí Ó Tọ́ sí Ni àti Ohun Tí Ó Tọ́

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí àwọn apànìyàn wọ ilé ìsìn Ìjọ Àgùdà ti Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí wọ́n sì fi ìbọn àti àdó olóró pa nǹkan bí 40 ènìyàn, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn wa mọ́. A ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, a ń gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn olùkọ́, a sì ń gbọ́ ọ lóko. Ìbéèrè náà ni pé: Ó ha tọ́ kí onílé, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í ṣe ọdẹ, ní ìbọn nínú yàrá rẹ̀ bí?

Kò yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n yára dáhùn pé Onígbàgbọ́ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìbọn. Ìdáhùn tí ó rọrùn ni fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá bárékè ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí abà rẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ọlọ́dà, tí ó jẹ́ pé bí ó bá kígbe lóru, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ bí kò ṣe àwọn tí ó wá kó o lẹ́rù, kò lè gbé orí lé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kí ó sì sùn. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò bá a jà. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 33, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lo agbára níwọ̀n tí ó yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, tàbí láti dáàbò bo ohun ìní, bí ikú tilẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Mósè, ní ìwé Ẹ́kísódù orí 22, kò ka ẹ̀jẹ̀ sí ọrùn onílé tí ó lu olè pa níbi tí olè náà gbé ń fọ́ ilé lóru. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé máa kà á lọ sí ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e. Bí oòrùn bá ti là, ọ̀ràn náà yí padà, ẹ̀jẹ̀ olè náà sì di ti ọrùn onílé. Kí ni oòrùn ní í ṣe nínú rẹ̀? Lójú wa, ìmọ́lẹ̀ ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ní ọ̀sán, onílé lè rí ẹni tí ó wọlé, ó lè mọ̀ bóyá ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè ké pe aládùúgbò. Lọ́wọ́ ẹni tí ó lè ríran ni òfin gbé ń béèrè púpọ̀. A ó tún padà sí ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí.

Àwọn tí ó ń fẹ́ ìbọn a máa sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ni. Láti òkè òkun ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé sí wa jù. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí òfin ìpìlẹ̀ wọn, tí ó di òfin ní ọdún 1791, kò gbà kí á tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti ní ohun ìjà lójú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí tàbí olúkúlùkù. Ní ọdún 2008 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ dájọ́ pé olúkúlùkù ni, kí ó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ nínú ilé, ní ọdún 2022 ó sì na ìdájọ́ náà dé ìta gbangba. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti di ọmọ ilẹ̀ náà ní Houston tàbí Atlanta lè ra ìbọn ní ìsọ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá kí wa ní Kérésìmesì, a máa yà wọ́n lẹ́nu pé baba wọn ń sùn láìní ohunkóhun bí kò ṣe àdá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwa náà ń pè é ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n èdè wa kò gbà kí á lo ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti ń lò ó. Inú “tọ́” ni a ti mú un. A lè sọ pé nǹkan tọ́ sí mi, a sì lè sọ pé nǹkan tọ́, ọ̀tọ̀ sì ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ogún baba lè tọ́ sí ọmọ, kí ó má sì tọ́ kí á fi lé e lọ́wọ́ ní ọdún tí ó gbé ń mu ọtí àmupara. Ẹni tí ó ń béèrè pé ìbọn ha tọ́ sí òun bí, a kò tíì dá a lóhùn tán nígbà tí a bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kejì ṣì kù, òun ni ó sì wúwo jù.

Kí á wo ìbọn tí àwa fúnra wa mọ̀. Ṣakabùlà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó dàgbà ní abúlé tí kò rí bí a ti í kì í. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀ níwọ̀n, yóò fi àkísà dí i, yóò sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Yóò kó ọta lé e, yóò tún fi àkísà dí i, yóò sì tún kì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dún. Bí ó bá tàsé, ẹran ti lọ, ọdẹ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, kò ní dún rárá. Bí ẹ̀tù bá sì pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ìlọ́ra yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ èrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í kà: ó ń fún ọwọ́ ní àkókò láti gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ. Ìbínú ìṣẹ́jú kan kò lè fi ṣakabùlà pa ènìyàn mẹ́wàá.

Èyí tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ènìyàn tí ó yí ìbọn náà ká. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe ọdẹ kì í lọ ra ìbọn kí ó sì padà wá máa pe ara rẹ̀ ní ọdẹ. Yóò tẹ̀lé ọ̀gá wọ igbó, yóò ru àpò, yóò ru ẹran, kí á tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. A ó kọ́ ọ pé kì í ṣe ojú tí ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà ni a ń yìnbọn sí, bí kò ṣe ara ẹran tí a ti rí dájú. Pé kí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran náà, nítorí ọta kì í dúró níbi tí ojú dúró sí. Pé kí ó yọ ohun tí ó wà nínú ìbọn kí ó tó wọ ìlú. Pé kí ó má ṣe kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn, ì báà ṣófo. Òwe àwọn baba wa kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú ìbọn sí òun? Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹgbẹ́ ọdẹ wà, Olúọdẹ sì wà lórí wọn. Bí ọdẹ kan bá ń mu ẹmu jù, bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì, bí ó bá ń fi ìbọn halẹ̀ mọ́ aya rẹ̀ tàbí mọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà oko, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè bá a wí. Ìbúra tí wọ́n ń búra níwájú Ògún kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n pé kí ẹni tí ó ní ìbọn ní àwọn kan tí ó ń bẹ̀rù láti dójú tì, èyí jẹ́ ọgbọ́n tí Ìjọ kò gbọdọ̀ kẹ́gàn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ọdẹ ti yìnbọn pa ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú òkùnkùn, tí ó ṣe bí ẹran ni.

Òfin ìjọba kò jìnnà sí ọgbọ́n yìí bí a ti rò. Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn àwọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ jẹ́ èèwọ̀, àfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ tí a ń fi kàtírìjì yìn, ọlọ́jú kan tàbí ọlọ́jú méjì, wà ní ọ̀nà kejì. Ṣakabùlà wà ní ọ̀nà kẹta, òun náà sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ rò pé kò fẹ́. Òfin náà sọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ wo bí ó ti bá ohun tí Olúọdẹ ń wò mu! Kò béèrè bí ènìyàn ti lọ́rọ̀ tó, kò sì béèrè bí ẹ̀rù ti ń bà á tó. Ojú rẹ̀ ni ó béèrè, àti orí rẹ̀, àti ìgò rẹ̀, àti ìbínú rẹ̀. Níbi kan ṣoṣo ni a kò ti lè yin òfin yìí. Ó ka ṣíṣe ìbọn àti títún un ṣe léèwọ̀ níbi gbogbo yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ abúlé ni ó ń tún ìbọn púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ wa ṣe. Ìjọba tí ó fẹ́ kí ọdẹ máa ṣọ́ ìlú, tí ó sì sọ alágbẹ̀dẹ rẹ̀ di arúfin, ní ọ̀rọ̀ láti bá ara rẹ̀ sọ.

Àwọn kan yóò wí pé, bí gbogbo onílé bá ní ìbọn, ẹ̀rù yóò ba ẹni ibi. A ti dán nǹkan tí ó jọ èyí wò rí. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ń gbé ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn, èyí tí a ń kì láti ìdí, tí ó sì yá ju ṣakabùlà Ìbàdàn lọ. Ìbọn náà dá Ìbàdàn dúró. Kò parí ogun. Ọwọ́ dọ́gba, àwọn àgọ́ méjèèjì sì jókòó ti ara wọn. Àwọn àlùfáà wa, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí àgọ́ àwọn ajagun títí a fi ṣe ìwé àdéhùn ní ọdún 1886, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn àgọ́ tó tú ká.

Kí á wá padà sí yàrá onílé. Ìbọn tí ó ń fẹ́ kì í ṣe ṣakabùlà. Ìbọn ìléwọ́ ni, tí yóò wà lábẹ́ ìrọ̀rí, tí ọta wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí ìbọn tí a kó ọta rẹ̀ sí ibòmíràn kò wúlò fún olè òru. Ta ni ó sún mọ́ ìbọn náà jù? Kì í ṣe olè. Aya rẹ̀ ni, àti ọmọ rẹ̀ tí ó ń wá owó ìpápánu, àti òun fúnra rẹ̀ ní òru tí gbèsè àti ìbànújẹ́ bá kó jọ sí i lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2021, àwọn tí ìbọn pa lé ní 48,000. Àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn nínú wọn lé ní 26,000. Ju ìdajì lọ! Èyí kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀tá. Ní ti ẹni tí ó ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní agogo méjì òru, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ti ìrìn àjò dé láìsọtẹ́lẹ̀. Òkùnkùn tí ó mú kí òfin Mósè ṣàánú fún onílé, òkùnkùn kan náà ni kò jẹ́ kí onílé mọ ẹni tí ó ń yìnbọn sí. Ọdẹ ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ bí a ti í dúró kí á tó yìn. Ta ni ó kọ́ onílé wa?

Nínú Ẹ́kísódù kan náà, ní orí 21, ọ̀rọ̀ wà nípa màlúù tí a mọ̀ pé ó ń kan ènìyàn, tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì sé e mọ́. Bí ó bá pa ènìyàn, olówó rẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Màlúù kan wà tí kì í kàn. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a kò mọ̀ pé ó ń pa ènìyàn kò sí. Nítorí náà, ìdáhùn wa sí onílé ìlú ni pé, bí ààbò ara rẹ̀ tilẹ̀ tọ́ sí i, kò tọ́ kí ó ní ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí ó dára, ajá, iná ìta, nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn aládùúgbò àti ti olórí ọdẹ àdúgbò, ìwọ̀nyí kò ní pa ọmọ rẹ̀. Fún àgbẹ̀ inú abà, ìdáhùn náà yàtọ̀ díẹ̀: kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó wọ ẹgbẹ́ ọdẹ, kí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí a sì mú àwọn ọdẹ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ onílé ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn náà, kí á lè mọ ẹni tí ó kọ́ wọn, àti ẹni tí yóò gba ìbọn lọ́wọ́ èyí tí ó bá ṣi agbára lò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa. Baba tí ó jẹ́ ọdẹ kú, ìbọn rẹ̀ sì dúró ní igun yàrá, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó kì í kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e láti yìn níbi ìsìnkú, nítorí ẹ̀tù tí ó ti wà nínú ìbọn fún ọdún púpọ̀ ṣì lè dún. Ìwé àṣẹ rẹ̀, bí ó bá ní in, orúkọ baba ni ó wà lára rẹ̀. Kì í di ti àkọ́bí bí ilẹ̀ oko. Kí á pe àgbà ọdẹ láti wá yọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹbí sì lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ìbọn náà wà, kí àwọn ọmọ-ọmọ tó dé fún ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́.