Ẹ Kú Ìjókòó O

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá àgbà kan wọ ọkọ̀ mi ní Ìtapá, ní Èkìtì. Ìdó ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti dá ọmọ rẹ̀ dúró sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìborùn wé e kí ooru má baà jáde. Bí ó ti rí ibi jókòó sí tán, ó gbé kúlà lé itan, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi." Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó rò pé wọn ò gbọ́, ó tún un sọ. Fíìmù ń lọ lókè orí wọn, ojú gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo rí ìyá náà nínú dígí: ó wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ó wo ẹni tó wà lápá òsì, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí kúlà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ ní Ọyẹ́, tí ọkọ̀ ku èmi àti òun àti ọkùnrin kan níwájú, ó pè mí. "Bàbá dẹ́rẹ́bà, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo fi ọdún 32 kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo fi owó tí mo gbà ra Síẹ́nà tòkunbọ̀ kan. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣe é, ní iléeṣẹ́ Toyota tó wà ní Princeton, ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà ní àjà ọkọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, á já wálẹ̀, á dojú kọ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, àwo fíìmù ọmọdé kan ṣì wà nínú rẹ̀, Finding Nemo, tí àwọn tó ni ọkọ̀ lọ́hùn-ún gbàgbé síbẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn, mo wo ẹja tó ń wá ọmọ rẹ̀ káàkiri inú òkun, mo ń rò ó pé ọmọ ta ni wọ́n ti fi èyí rẹ̀ lẹ́kún rí. Mo ki àwo tí mo rà lọ́jà bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Rẹ́wáyà tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe ló ṣàlàyé pé àwọn tó ń ṣe DVD ti pín ayé sí ọ̀nà-ọ̀nà, pé Amẹ́ríkà wà ní 1, Nàìjíríà wà ní 5, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀hún kì í fẹ́ gba ti ìhín. Ó so ẹ̀rọ kékeré mìíràn mọ́ ọn, èyí tó ń lo fláàṣì. Bí fíìmù Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ mi nìyẹn.

Ará ilé kan náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Bàbá ń wakọ̀, ìyá wà níwájú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, wọ́n sì ti kí ara wọn nílé kí wọ́n tó jáde. Bí wọ́n bá fi wákàtí mẹ́ta dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ò bú ẹnikẹ́ni. Àwa wá ń lò ó nínú ọkọ̀ èrò, níbi tí ẹni méje tí wọn ò mọ ara wọn rí ti ń fi èjìká kan èjìká. Èmi ni mo sì tan án. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 2011 ní ọgbà kan ní Ìkọ̀lé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ tó ní fíìmù. Wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn lọ, wọ́n á dúró dè mí ní gáréèjì. Owó ni mo ń wá, n kò ní fi pamọ́.

Lójú ọ̀nà tí mo ń ná yìí, ní Ìlúpéjú, ọ̀nà kan yà lọ sí Ìrè. Awakọ̀ Yorùbá wo ni kò mọ orúkọ Ògún Onírè, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpèjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó kí i. Ó wo agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ìwọ̀sí, ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó mọ̀ pé èèwọ̀ ló dè wọ́n lẹ́nu, ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìbínú ni wọ́n fi ìtàn yìí kọ́ wa, pé ẹni tó bá yára bínú á pa ará ilé rẹ̀. Àgbà dé, àwọn ará Ìrè ni mo wá ń rò. Wọn kò ṣe àìdáa. Ohun mímọ́ ni wọ́n ń pa mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó dé láti ọ̀nà jíjìn tí kò mọ̀ pé ọjọ́ èèwọ̀ ni, kí ni ì bá rò? Ẹni tó dákẹ́ ló mọ ìdí tí òun fi dákẹ́. Ẹni tó kí i tí kò gbọ́ ìdáhùn kò mọ nǹkan kan, àfi pé wọn ò ka òun sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà kò ní in lọ́kàn láti fi ojú tín-ín-rín ìyá àgbà. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá mi gbé ẹrù sí bùútù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Wọn ò kàn sí níbẹ̀ ni. Ibi tí mo ti ń bá ara mi jà gan-an nìyí: ṣé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè ṣẹ ẹni tó wà níbẹ̀?

Mo gbà pé ó lè ṣẹ̀ ẹ́. Kí a tó kúrò ní Ìkọ̀lé láàárọ̀ ọjọ́ náà, a gbàdúrà bí a ti máa ń ṣe. Ọmọbìnrin kan ló gbà á, ó ní kí Ọlọ́run mú wa dé láyọ̀, gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Ta ni "wa" inú àdúrà yẹn? Ìyá àgbà kò tíì wọlé nígbà náà, ṣùgbọ́n láti Ìtapá lọ, ohun tó bá ṣe ọkọ̀ náà ti kan òun pẹ̀lú. Bí táyà bá bẹ́, á bẹ́ fún gbogbo wa. Ẹni tí a jọ fi ẹ̀mí wa sí abẹ́ àdúrà kan, ó kéré tán, a jẹ ẹ́ ní "ẹ káàbọ̀, mà."

Ẹnìkan nínú ìjọ wa bi mí léèrè pé tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n ń kà ńkọ́. Ìbéèrè tó dára ni, ó sì rán mi létí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà láìkíyèsí ohun tó wà níbẹ̀. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ti Jerúsálẹ́mù bọ̀, ó ń ka ìwé wòlíì Àìsáyà. Ojú rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà rárá. Fílípì sáré dé ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ó bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Ìjòyè tó ń ṣọ́ ìṣúra ayaba ni ọkùnrin yìí, ẹni tó sì ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì ló dá a dúró lẹ́nu ìwé. Ó dáhùn. Ó gbà pé kò yé òun, ó ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rì í bọmi.

Nítorí náà, ẹ̀bi kò sí nínú kí ojú èèyàn wà lára nǹkan. Bí mo bá tú tẹlifíṣọ̀n yẹn kúrò lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, ṣé ẹni kan wà nílé tó lè ṣí i?

Èmi fúnra mi ti rí oore ẹ̀rọ náà. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ mi ṣubú lórí igi máńgòrò, tí apá rẹ̀ kán, Ìdó kan náà la gbé e lọ. Igbe rẹ̀ ń gún mi láyà bí mo ti ń wakọ̀. Mo fi àwo ẹja ìjọ́sí sí i, mo tan án. Kí a tó dé Ìfàkì, ẹkún ti di ìmí, ó ń bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹja náà máa rí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ibi tó wà ń dùn ún, ẹ jẹ́ kí ó lọ síbòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Nítorí èyí ni n kò fi tú u.

Mo ní kí rẹ́wáyà fi súwíìṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdarí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, mo máa ń pa fíìmù títí ẹni náà á fi kí ará ọkọ̀, tí ará ọkọ̀ á sì dá a lóhùn. Kì í tó ìṣẹ́jú kan.

Ìyá àgbà, mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pé, "Ẹ má bínú, mà, èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Láti Ọyẹ́ dé Ìdó ló ń sọ ti ọmọ rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ ni. Ọbẹ̀ ẹja ló wà nínú kúlà, òun nìkan ni ọmọ náà gbà láti jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ní Ìkọ̀lé, ẹ máa wo fíìmù yín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ṣí ní Ìtapá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ íápíìsì kan létí, kí ẹ dá ẹni tó wọlé lóhùn.