Gbólóhùn Tí A Fi Parí Ọ̀rọ̀



Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, àmọ́ ìdí rẹ̀ jinlẹ̀. Bí àáfà bá ṣe wáàsí fún wákàtí kan gbáko, kí ni àwọn tó gbọ́ ọ máa ń mú lọ sílé? Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tó bá sì balẹ̀ gbẹ̀yìn, kò sí òmíràn tí yóò tẹ̀lé e láti tún un ṣe. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ẹwà ọ̀rọ̀ lásán ni ìparí tó dára, àbí àmánà ni ó jẹ́ lọ́rùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Àwọn òpìtàn Ìsìláàmù ròyìn pé ní ayé àwọn ọba ìdílé Umayya, wọ́n a máa bú Sayyidina Ali, ọkọ Fatima ọmọ Ànábì, lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Umar ọmọ Abdul Aziz gorí oyè ní ọdún 717, ó fi òpin sí àṣà náà. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ 90 nínú Suratu Nahl rọ́pò èébú. Nínú ẹsẹ yìí, Ọlọ́hun pàṣẹ déédéé, ṣíṣe rere àti títọ́jú ìbátan; Ó sì kọ ìwà ìbàjẹ́, ohun burúkú àti àbòsí. Umar kò lò tó ọdún 3 lórí oyè tó fi kú ní 720, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò bá a kú. Títí di òní, ẹsẹ yìí ni ọ̀pọ̀ lémọ́mù fi ń parí khutuba.

Ẹ kíyè sí i: kò ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí ni ó yí padà. Ẹni tó gbé èébú jáde kúrò ní mọ́sálásí kò lè rí bí ẹni tó gbé déédéé jáde.

Ìwó wa yìí, ìlú ẹ̀sìn ni. Ọba Muhammad Lamuye tó jẹ Olúwo ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń gbé nínú agbo ilé kan náà. Ní oṣù Júùnù ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ ìjọ wọn lọ sí Baptist High School ní Ìwó láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn tí àáfà tàbí pásítọ̀ bá fi parí wáàsí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé dé ojú títì.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Ṣé kí a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ni?” Rárá o. Ẹsẹ tí Umar yàn kò pọ́n ẹnikẹ́ni lé, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pàṣẹ, ó sì kọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lè béèrè rẹ̀ títí dé gbólóhùn ìkẹyìn. Ohun tí kò tọ́ ni pé kó fi èébú dì í.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ fún wa. Ní ìparí wáàsí ìdágbére ní Arafat, ọdún 10 Hijira, tí í ṣe 632, kò yin ara rẹ̀. Ó bi àwọn èèyàn bóyá òun ti jíṣẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, kí a tó parí ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe lórí mínbárì, nínú lẹ́tà sí ọmọ, tàbí níbi ìpàdé ẹbí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní nǹkan 3. Ṣé inú ohun tí mo ti sọ ni gbólóhùn yìí ti jáde, àbí ẹjọ́ tuntun ni mo fẹ́ dá sílẹ̀? Ṣé ẹni tó gbọ́ ọ yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe? Bí ẹni tí mo ń bá wí bá jókòó níwájú mi, ṣé mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, kí a dákẹ́. Ẹni tó bá wí pé “lákòótán” lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ìrun wa pàápàá kọ́ wa. Allahu Akbar ni a fi ń wọ inú rẹ̀. Kíkí àlàáfíà sí ọ̀tún àti sí òsì ni a fi ń kádìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí a ń bá jà ló wà ní ọ̀tún wa. Àlàáfíà náà kàn án.

Kí Ọlọ́hun ṣe àtubọ̀tán ọ̀rọ̀ wa àti àtubọ̀tán ayé wa ní rere. Àmín.