Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ka Ọmọ?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bi ìyá kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà léèrè iye ọmọ rẹ̀, ó lè dá ọ lóhùn pé Ọlọ́run ni ó ni wọ́n. Èmi kò fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọmọ kì í ṣe ẹrù ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kà, ta ni yóò rántí rẹ̀ nígbà ìpín?

Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti ọdún 2006. Ènìyàn 140,431,790 ni wọ́n kà. 3,460,877 nínú wọn jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tí à bá ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí yóò gba àjẹsára, iye àtijọ́ yìí ni wọ́n ń bù lé lọ́dọọdún.

Ká ní ìwé wí pé ọmọ 200 ni ó wà ní abúlé kan, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì fún 230 ní àjẹsára. Ìwé yóò wí pé 115 nínú 100 ni ó ti gbà á! Irú èsì bẹ́ẹ̀ ti jáde níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Aláṣẹ yóò rí i, inú rẹ̀ yóò dùn, kò sì ní bèèrè ọmọ inú abà tí nọ́ọ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó, nítorí náà olúkúlùkù ń fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀. Ìjà lórí iye ni ó mú kí a fagi lé ìkànìyàn 1962 àti ti 1973. Ẹni tí kò jẹ́ kí a ka ọmọ òun a tún máa ka ẹni tí kò sí nílé mọ́ ará ilé!

Lójú tèmi, kíkà ìlara àti kíkà fáàrí ni àwọn àgbà kọ̀. Wọn kò kọ kíkà olùtọ́jú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìyá a máa wo orí ẹní. Kò dárúkọ iye, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, kò ní sùn. Èdè wa pàápàá mọ̀ ọ́n: kí a ka ènìyàn àti kí a kà á sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ bí a bá ti bí i, gẹ́gẹ́ bí òfin 1992 ti pa á láṣẹ, kí a má sì fi ọmọ tí kò sí kún èyí tí ó wà. Irọ́ tí a fi kún iye, ọmọ kan ní abà ni yóò san gbèsè rẹ̀.