Ẹ Wá Jẹun

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo lò ní Èkó, oúnjẹ rírà ni mo jẹ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Mo jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ní Yaba, mo jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà inú ewé, mo sì jẹ súyà ní Ọbáléńdé. Gbogbo rẹ̀ ló dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kan ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Nínú bùkà kan, lébìrà kan jókòó tì mí. Ẹ̀bá kékeré àti pọ̀nmọ́ kan péré ni ó rà. Kí ó tó bu òkèlè, ó ní, "Ẹ wá jẹun, bàbá." Mo dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Mo wá ń bi ara mi léèrè: bí mo bá fọwọ́ bọ àwo rẹ̀, ṣé ebi kò ní í pa á? Ǹjẹ́ ìpè tí a kò retí kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kì í ṣe irọ́?

Kò pẹ́ tí ọmọ kan tí ń kiri omi dúró tì wá. Ọkùnrin náà pe òun náà. Ọmọ jókòó, wọ́n jọ jẹ ẹ́ tán.

Èmi náà a máa pe ènìyàn sí oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n ẹni tí mo mọ̀ pé ó ti yó ni mo sábà máa ń pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ. Ẹni tí ó ti pinnu láti pín oúnjẹ rẹ̀, òtítọ́ ni ó sọ, ìbáà ṣe pé a jẹ́ ìpè náà tàbí a kò jẹ́ ẹ. Irọ́ náà, ọ̀dọ̀ mi ni ó wà.