Bí Ohun Tí A Kò Mọ̀ Bá Jẹ́ Òótọ́ Ńkọ́?

Ní ọdún 1644, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, Marin Mersenne, kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé rẹ̀. Bí a bá ń fi 2 sọ 2 di púpọ̀ léraléra, tí a wá yọ 1 kúrò, nígbà mìíràn ohun tó ṣẹ́kù máa ń jẹ́ nọ́ńbà tí kò ṣeé pín láìṣẹ́kù, àfi kí a fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Prime ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. 2 × 2 × 2, 8 ni. Yọ 1, ó ku 7: prime ni. Mersenne to àwọn iye tó máa ń bí prime títí dé 257. Ó fi 67 sí i, ó fi 127 sí i.

Èyí tí 67 bí ni 147,573,952,589,676,412,927. Kò sí bí Mersenne ṣe lè yẹ irú rẹ̀ wò tán láyé ìgbà náà. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe irú nọ́ńbà wọ̀nyí títí dòní.

Ní 1876, Édouard Lucas fi hàn pé ti 67 kì í ṣe prime, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ohun tó pín in. Ní October 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York. Wọ́n ní kò la ẹnu rẹ̀ rárá. Ó ṣírò nọ́ńbà gbọọrọ yẹn sójú pátákó. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ 193,707,721 di púpọ̀ pẹ̀lú 761,838,257,287. Ohun kan náà ló jáde. Ó jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ló fi wá a. (Ẹ má bi mí bóyá ó ń lọ sí ìsìn.)

Ṣùgbọ́n 67 kọ́ ló ń dà mí láàmú, 127 ni. Lucas yìí kan náà fi hàn pé òótọ́ ni Mersenne sọ nípa 127. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò yẹ 127 wò ju 67 lọ. Ṣé a ó bá a wí nítorí ọ̀kan, ká yìn ín nítorí èkejì? Àbá dídá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì kúkú fi orúkọ Ọlọ́run ti tirẹ̀ lẹ́yìn. Àwa ńkọ́?

Nínú Deuteronomi 18, ẹsẹ 22 là ń rántí: ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣẹ, kì í ṣe ti Olúwa. Ẹsẹ 20 kò mẹ́nu ba bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Ẹni tó sọ ohun tí a kò rán an ló ń bá wí.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, arábìnrin kan bi mí bóyá Ọlọ́run sọ nǹkan kan nípa èsì ìdánwò rẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní Olúwa ní yóò yege. Ó sì yege. Ó jẹ́rìí nínú ìpàdé, ó dárúkọ mi, gbogbo wa kígbe halleluyah. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi fún àdúrà. Ká ní ó fìdí rẹmi ni, ǹ bá ti ronú pìwà dà lọ́sẹ̀ náà.

Ó ti wà nílé ọkọ báyìí, ó sì ń sọ ẹ̀rí náà síbẹ̀. Mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí i láti fi ṣàlàyé. N kò tíì fi ránṣẹ́.